Ojú Ni Ìyá Alápò Fi Ń Gbọ́ Èdè Kòríà

Ìyá tó bí ìyá mi kò ka ìwé rí, òyìnbó tí wọ́n gbọ́ kò sì ju "kọ́ọ̀mù" àti "gó" lọ. Síbẹ̀, n kò tíì rí ẹni tó mọ fíìmù Kòríà wò tó wọn. Bí ẹ bá bá wọn níwájú tẹlifíṣọ̀n lẹ́yìn ìrun Àsárì, àpò ìdọ̀họ á wà lórí itan wọn, abẹ́rẹ́ ńlá á wà lọ́wọ́ wọn. Èmi tí mo ti lé ní ọdún márùndínláàádọ́ta á wà lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, màá máa ka ọ̀rọ̀ òyìnbó tó ń sáré kọjá nísàlẹ̀ àwòrán, màá sì máa sọ ọ́ ní Yorùbá bí mo ṣe ń kà á. Bí mo bá pẹ́, wọ́n á fi ìdí abẹ́rẹ́ gún mi ní orúnkún fẹ́ẹ́rẹ́.

"Àbẹ̀ní, ọmọ yẹn ti sunkún tán, ìwọ ò tíì sọ ohun tí wọ́n ṣe fún un."

A ti sin wọ́n. Ó ti lé díẹ̀ ní ogójì ọjọ́. Mo fẹ́ kọ nǹkan sílẹ̀ nípa wọn kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé ohùn wọn. Èmi kì í ṣe òǹkọ̀wé, girama ni mo kà mọ. Mo sì jẹ́ ẹni tó ń ṣọ́ra: n kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ kankan, n kò ní fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò lè yọ kúrò nínú ìtàn wọn. Sìdíkà, ọ̀rẹ́ mi, kú nínú iná níbi iṣẹ́ wa ní Sàǹgó. Èmi jáde láàyè, mo sì purọ́ fún ìyá rẹ̀ nípa bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ìyá mi àgbà nìkan ni mo jẹ́wọ́ fún. Gbogbo ìyókù ayé wọn ni wọ́n fi ń fà mí lọ sí ẹnu ọ̀nà ìyá Sìdíkà. Wọ́n kú kí n tó dé ibẹ̀.

Ìyá Alápò ni gbogbo Ọ̀tà ń pè wọ́n. Wọ́n á lọ ra àpò tí àwọn ilé iṣẹ́ ti lò tán, àpò ìyẹ̀fun, àpò ṣúgà, àpò oúnjẹ adìẹ. Wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á sá a sórí ọgbà, wọ́n á rán èyí tó ya, wọ́n á sì tà á fún àwọn àgbẹ̀ tó ń wá láti ọ̀nà Adó-Odò. Bí wọ́n ṣe ń wá ihò nínú àpò ni kò kúrò lójú mi. Àwọn alápò yòókù á na tiwọn sílẹ̀, wọ́n á máa fọwọ́ pa á. Ìyá Alápò á ki orí bọ inú àpò títí dé èjìká, wọ́n á wá kọjú sí oòrùn. Ihò tó bá wà níbẹ̀, bó ti wù kó kéré tó, á tàn sí wọn lójú. Wọ́n á fi ìka há a, wọ́n á yọ orí jáde, ìyẹ̀fun tí omi kò fọ̀ tán á ti kun irun ojú wọn, wọ́n á sì rán an. Àlejò mìíràn á wọlé, á kí wọn, inú àpò ni wọ́n á ti dá a lóhùn, "Ẹ káàbọ̀ o, ẹ wá ibi jókòó," láìyọ orí.

Ọwọ́ wọn ni mo dàgbà sí, nítorí ìyá mi kú lórí ìkúnlẹ̀ àbúrò mi. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo bi wọ́n pé ṣé ẹ̀rù kì í bà wọ́n nínú òkùnkùn àpò yẹn.

Wọ́n ní, "Ta ló ń rí ihò nínú ìmọ́lẹ̀?"

Ẹ̀rù ló gbé mi padà sí ilé wọn. Lẹ́yìn iná náà, n kò lè dá gbé ilé tí mo háyà mọ́. Àwọn ọmọ mi ti dàgbà, oníkálukú ti wà níbi tirẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá dáná sun pàǹtírí ládùúgbò, màá ti wà ní títì kí n tó mọ̀ pé mo dìde. Bí mo bá wọ yàrá tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀, n kò ní lè jókòó títí màá fi ṣí i. Ní ọjọ́ kẹta tí mo dé, mo ta jí láti orí oorun ọ̀sán, mo ń fa ilẹ̀kùn, mo ti gbàgbé pé ìdábùú ni wọ́n kọ́kọ́ ń yọ. Ìyá Alápò gbé òòlù, wọ́n yọ ìdábùú ilẹ̀kùn náà, èyí tó ti wà níbẹ̀ láti ayé bàbá mi àgbà, wọ́n sì sọ ọ́ sẹ́yìn ilé.

Àbúrò wọn, Àlàájà Ṣífáwù, ta kú. "Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ máa fi ti ilẹ̀kùn bí olè bá dé?"

"Ẹ̀rín ni. Tó bá rí ohun tó wà ńbẹ̀, èmi àti olè náà la máa jọ rẹ́rìn-ín."

Fíìmù Kòríà gan-an, nítorí mi ni wọ́n ṣe lọ rà á. Tẹlifíṣọ̀n ló máa ń gba ìrònú lọ́wọ́ mi díẹ̀, ṣùgbọ́n fíìmù tiwa tí mo bá wò, bó pẹ́ bó yá ilé kan á jó. Ìyá Alápò gbéra, wọ́n wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí abẹ́ bíríìjì Sàǹgó, lọ́dọ̀ àwọn tó ń gbé fíìmù sórí fíláàṣì. Wọ́n ní kí ọkùnrin náà fún àwọn ní fíìmù tí kò sí iná nínú rẹ̀. Ọkùnrin náà rò pé àwàdà ni. Nígbà tó rí ojú wọn, ó ronú. Ó ní, "Màmá, ẹ gba Kòríà. Òjò ló máa ń rọ̀ níbẹ̀."

Wọ́n mú fíláàṣì náà wálé nínú gèlè, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́, wọ́n sì tún ọ̀rọ̀ náà sọ fún mi bí ẹni ń jíṣẹ́ dókítà. "Ó ní òjò ló máa ń rọ̀ níbẹ̀."

Báyìí ni a ṣe bẹ̀rẹ̀. Wọn kò lè pe orúkọ àwọn ará Kòríà, nítorí náà wọ́n sọ wọ́n ní orúkọ. Ọmọbìnrin tálákà tó ń gbé lókè àjà, Mọ́rẹ̀nikẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń fi mọ́tò dúdú tẹ̀lé e kiri, Ọmọ Àlàájì. Ìyá ọ̀dọ́mọkùnrin náà, tó ń da omi sí ọmọ ọlọ́mọ lójú, Olómi. Nínú fíìmù mìíràn ẹ̀wẹ̀, àwọn òṣèré á yí padà, ṣùgbọ́n ó ṣáà gbọ́dọ̀ sí Mọ́rẹ̀nikẹ́ kan, ó gbọ́dọ̀ sí Olómi kan. Bí wọn kò bá tètè rí Olómi, ara wọn kì í balẹ̀. Wọ́n á ní, "Ó ń bọ̀. Ó ṣì ń wá ife."

Kíkà mi kì í tẹ́ wọn lọ́rùn ní ìbẹ̀rẹ̀. Òyìnbó kò mọ àgbà yàtọ̀ sí ọmọdé, bó ṣe wà níbẹ̀ ni mo sì ń kà á. Mọ́rẹ̀nikẹ́ tẹ̀ ba níwájú ìyá ọkọ rẹ̀, mo ní, "Ó ní, 'Dárí jì mí, o ò mọ̀.'"

Abẹ́rẹ́ dúró. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Mọ́rẹ̀nikẹ́, Màmá."

"Mọ́rẹ̀nikẹ́ yìí? Ọmọ tó fi orí kan ilẹ̀ yẹn ló wá ń ní 'o ò mọ̀'? Ìwọ lo sọ ọ́, kì í ṣe òun. Kà á dáadáa."

Mo kà á lẹ́ẹ̀kejì, mo ní, "Ẹ dárí jì mí, ẹ ò mọ̀ ni." Wọ́n mi orí, abẹ́rẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Láti ọjọ́ náà, kí n tó ya ẹnu, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo ẹni tó tẹríba àti ẹni tó kàn mi orí. Bí mo bá ṣì í, wọ́n ti mọ̀. Wọ́n ní àwọn kò gbọ́ ohun tó wà lẹ́nu àwọn ará ibẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn gbọ́ ohun tó wà lójú wọn, "ojú kò sì ní èdè."

Èrò wọn lórí fíìmù wọ̀nyí pọ̀. Wọ́n fẹ́ràn pé kò sí bí ìbànújẹ́ ṣe pọ̀ tó, àwọn inú fíìmù náà á ṣáà jókòó jẹun. Ẹnì kan á pàdánù iṣẹ́, wọ́n á ní kó wá jẹun. Wọ́n á já ẹnì kan sílẹ̀ nínú òjò, ìyá rẹ̀ á ní ṣé ó ti jẹun. Ìyá Alápò á ní ènìyàn gidi ni wọ́n. Wọ́n fẹ́ràn bí ọkùnrin ṣe máa ń pọn obìnrin tó ti rẹ̀ sẹ́yìn rìn lójú títì láìtijú. "Ẹ wò ó, wọ́n ń pọn àgbàlagbà! Àwa ńkọ́? Tí ọmọ bá ti lè rìn, ó parí." Wọ́n kórìíra apá méjì tó máa ń kẹ́yìn, wọ́n ní ó dà bí ẹni pé àwọn tó ń ṣe fíìmù náà rí òjò tó ṣú, tí wọ́n sì ń kó aṣọ kánkán.

Èyí tí wọn kò lè gbà rárá ni kí mọ́tò gbá ènìyàn, kó sì jí ní ọsibítù láìmọ ìyá tó bí i. Irú rẹ̀ pọ̀ nínú fíìmù wọ̀nyí. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bá ti ṣẹlẹ̀ ni wọ́n á pòṣé.

"Irọ́ gbuu. Ènìyàn ò lè gbàgbé báyẹn. Ká ní ó rọrùn ni, Àbẹ̀ní, ìwọ ò ní wà lórí ẹní yìí."

Ìyá Alápò àti àbúrò wọn jà nítorí fíìmù yìí. Ọmọ ìyá ni àwọn àti Àlàájà Ṣífáwù, àwọn méjèèjì ti lé ní ọgọ́rin ọdún, wọ́n sì ti ń bá ara wọn jà kí wọ́n tó bí ìyá mi. Ní ọjọ́ kan, Àlàájà wọlé bá wa, wọ́n bá àwọn ọkùnrin Kòríà mẹ́rin tí wọ́n ń mu ọtí nínú ìgò aláwọ̀ ewé.

"Àsìtàgfirúláì! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ Mẹ́kà! Ọtí lẹ jókòó tì ń wò!"

"Èmi kọ́ ni mo ń mu ún, Ṣífáwù. Àwọn tó ń mu ún ò sì lọ Mẹ́kà."

"Málékà ń kọ ọ́ sílẹ̀ o."

"Kó kọ ọ́. Kó kọ ọ́ pé ìwọ náà ti dúró síbẹ̀ láti ìgbà tó o ti dé, o ò gbójú kúrò. Jókòó, ẹsẹ̀ rẹ á wú."

Àlàájà Ṣífáwù bínú, wọ́n jáde. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọn kò fi yà wá. Nígbà tí wọ́n padà dé, wọn kò tilẹ̀ kí wa tán kí wọ́n tó béèrè bóyá ọmọbìnrin yẹn fẹ́ ọmọ olówó náà. Ìyá Alápò kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n sún ẹní fún wọn, wọ́n ní, "A dá a dúró dè ọ́. Àbẹ̀ní, padà sí ibi ìgò."

Ó yẹ kí n sọ ti iná náà báyìí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ń lọ. Fóòmù ni a ń ṣe. Ṣíìfù ọ̀sán ni èmi àti Sìdíkà jọ wà. Géètì ẹ̀gbẹ́ wà ní títì. N kò mọ ẹni tó tì í, n kò sì fẹ́ mọ̀. Nígbà tí èéfín dé, àwa tí a wà lápá ẹ̀yìn sáré lọ síbi fèrèsé kan tí àwọn ọkùnrin ti fọ́. Mo jáde. Sìdíkà kò jáde. Nígbà tí ìyá rẹ̀ di ọwọ́ mi mú lọ́jọ́ kejì, tí wọ́n ní, "Ṣé ẹ jọ wà ni?", mo ní rárá o, a ti pínyà láti ìgbà tí a jẹun ọ̀sán tán, n kò rí i mọ́. Wọ́n gbà mí gbọ́. Wọ́n tilẹ̀ ṣàdúrà fún mi, pé Ọlọ́run tó yọ mí á dá mi sí.

Ìgbà tí a ń wo fíìmù tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan ni irọ́ yẹn tú. Ọkọ̀ ojú omi dojú dé, ẹ̀gbọ́n dé èbúté, àbúrò kò dé. Ẹ̀gbọ́n jókòó níwájú ìyá wọn, ó ń sunkún, ó ń sọ̀rọ̀. Ohun tí mo rí kà nísàlẹ̀ ni pé, "Èmi ni mo jọ̀wọ́ rẹ̀ sílẹ̀." Ẹnu mi sì ní, "Ó ní òun ò rí i mọ́."

Ìyá Alápò gbé àpò sílẹ̀. "Dá a padà sẹ́yìn."

Mo dá a padà. Ẹ̀gbọ́n náà tún sọ ọ́.

"Kí ló wí?"

"Ó ní òun ò rí i mọ́, Màmá."

"Dá a padà."

Ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo sọ ohun kan náà. Ìyá Alápò kò wo tẹlifíṣọ̀n mọ́, èmi ni wọ́n ń wò.

"Ẹni tí ò rí ènìyàn, ọ̀nà ló máa ń wò, Àbẹ̀ní. Ọmọ yìí ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Láti ọjọ́ tó o ti dé ilé yìí, ọwọ́ rẹ nìwọ náà ń wò."

Mo jẹ́wọ́. Mo sọ fún wọn pé Sìdíkà wà lẹ́yìn mi, pé ó di híjáàbù mi mú, pé mo ti gbé ẹsẹ̀ kan sójú fèrèsé, ó sì ń fà mí sẹ́yìn láìmọ̀, pé mo fi ọwọ́ ara mi já ọwọ́ rẹ̀. Mo rò pé wọ́n á gbá mi mọ́ra, wọ́n á ní kò sí ohun tí mo lè ṣe. Wọn kò sọ bẹ́ẹ̀. Ìyá mi ni wọ́n dárúkọ, èyí tí wọn kì í sábà ṣe.

"Lọ́jọ́ tí ìyá rẹ kú, wọn ò jẹ́ kí n wọlé. Ẹnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú yàrá yẹn. N kò mọ ẹni náà títí di òní. Mi ò ní í bá a jà. Mo kàn fẹ́ kó wá."

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n wọṣọ ní àárọ̀ Jímọ́ọ̀, wọ́n ní kí n wọ tèmi. Ìjọkó ni ìyá Sìdíkà ń gbé. Wọ́n ní, "Èmi ò ní bá ọ sọ ọ́. Tìẹ ni. Ṣùgbọ́n màá bá ọ rìn dé ibẹ̀." A wọ kẹ̀kẹ́. A sọ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà, ó ku bí ilé mẹ́rin. Mo rí géètì ilé náà. Irin ni, ó sì wà ní títì. Ẹsẹ̀ mi kọ̀. Mo ní mo ń gbọ́ òórùn iná. Kò sí iná níbì kankan, ẹnì kan ń din àkàrà ni. Ìyá Alápò wò mí, wọn kò bínú. Wọ́n yí sí oníkẹ̀kẹ́, wọ́n ní, "Gbé ọmọ mi padà sílé," bí ẹni pé ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí. Àwọn fúnra wọn bá ń lọ pẹ̀lú ọ̀pá wọn, díẹ̀díẹ̀, wọn kò wẹ̀yìn.

Ó ku díẹ̀ kí wọ́n kírun Mọ̀gáríbì kí wọ́n tó dé. Mo ti dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Màmá, kí lẹ sọ fún wọn?"

"Mo bá a jókòó."

"Ṣé ẹ sọ fún wọn ni?"

"Ó se ẹ̀wà. Ó mọ ẹ̀wà á sè."

Èyí ni ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kí ẹni tó bá ka ìwé yìí mọ̀ nípa Ìyá Alápò, bó bá gbàgbé ìyókù. Láti ọjọ́ náà títí wọ́n fi kú, ó lé ní ọdún kan dáadáa, wọn kò pa Jímọ́ọ̀ kankan jẹ. Orúnkún dùn wọ́n, wọ́n lọ. Òjò rọ̀, wọ́n fi ọ̀rá bo orí, wọ́n lọ. Fíìmù tí a bá wò láàárín ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń lọ sọ fún ìyá Sìdíkà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń dà mí láàmú ní Alàmísì pé kí n kà á tán. "Tí n kò bá mọ ibi tó dé, kí ni màá wí fún un lọ́la?" Mọ́rẹ̀nikẹ́, Ọmọ Àlàájì, Olómi, gbogbo wọn ti di ẹni mímọ̀ ní Ìjọkó. Ohun tí ẹnu mi kà ń wọ ilé náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Èmi kò wọ ibẹ̀.

Mo ṣe àṣìṣe kan. Mo gbà pé Ìyá Alápò ti sọ ọ́. Mo ronú pé kò sí bí àgbàlagbà méjì ṣe lè máa jókòó ti ara wọn tó báyẹn kí ọ̀rọ̀ náà má jáde. Mo rò pé ìyá Sìdíkà ti mọ̀, pé wọ́n ti kórìíra mi, pé kò sí ohun tó kù tí mo lè lọ sọ. Nígbà tí mo rí wọn lókèèrè ní Sàǹgó lọ́jọ́ kan, mo sá wọ ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń ta táyà. Mo sọ fún Ìyá Alápò nígbà tí mo délé. Wọ́n ń ṣe àpò lọ́wọ́, orí wọn wà nínú rẹ̀.

"O ṣì máa ń sá?" Ohùn wọn jáde láti inú lọ́hùn-ún. "Kò burú. Mo ṣì lè rìn."

Ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ ni wọ́n kú. Àìsàn náà kò pẹ́. Apá mẹ́rin ló kù nínú èyí tí a ń wò. Ọ̀dọ́mọkùnrin inú rẹ̀ wà ní ọsibítù, ìyá rẹ̀ ń se ọbẹ̀ lọ́wọ́ nílé. Mo ní mo lérò pé ó máa kú. Ìyá Alápò ti dùbúlẹ̀, ojú wọn wà ní dídì, mo rò pé wọ́n ti sùn.

"Kò ní kú," wọ́n ní. "Wọ́n ti gbé ọbẹ̀ rẹ̀ ka iná."

Nígbà tí mo kírun Sùbúù tán tí mo fọwọ́ kàn wọ́n, wọ́n ti tutù. N kò tíì wo apá mẹ́rin náà. N kò mọ ẹni tí màá kà á fún.

Ní ọjọ́ kẹjọ, a ṣe àdúrà fún wọn. Àwọn àlùfáà jókòó sábẹ́ ìbòòji, Àlàájà Ṣífáwù wà láàárín àwọn obìnrin, wọ́n ń sunkún bí ọmọdé, wọ́n ń sọ pé ta ni yóò máa bá àwọn jà. Mo ń gbé omi kiri nígbà tí mo gbójú sókè tí mo rí ìyá Sìdíkà lẹ́nu géètì. Kò sí ibi tí mo lè sá sí. Ilé wa ni.

Wọ́n ní kí n wá sí ẹ̀yìnkùlé. Àwọn àpò tí Ìyá Alápò fọ̀ kẹ́yìn ṣì wà lórí ọgbà, ẹnikẹ́ni kò kó wọn. Ìyá Sìdíkà jókòó sórí àpótí, èmi dúró.

"Àbẹ̀ní, ìyá rẹ ní o ní ọ̀rọ̀ fún mi."

"Màmá, wọn ò… wọn ò sọ ọ́ fún yín?"

"Mo bi wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní kì í ṣe tàwọn. Wọ́n ní kí n má wá bi ọ́, pé o máa fi ẹsẹ̀ ara rẹ wá, pé kí n fún ọ láyè. Mo ní ó dáa. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá wọlé, ẹ̀yìn wọn ni mo máa ń wò bóyá o tẹ̀lé wọn." Wọ́n nu ojú. "Wọ́n wá ti lọ báyìí. Ta ló kù tó máa mú ọ wá? Ni mo ṣe wá."

Mo kúnlẹ̀. Gbogbo ọdún yẹn, kò sí ohun tí ìyá Sìdíkà mọ̀. Ìyá Alápò kàn ń jókòó sí àyè mi, kí àyè náà má baà ṣófo.

Mo sọ ọ́. N kò mọ bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀. Mo ní, "A jọ wà, Màmá. Irọ́ ni mo pa. Ó di híjáàbù mi mú lẹ́yìn, mo ti dé ojú fèrèsé. Èmi ni mo já ọwọ́ rẹ̀." Mo dojú bolẹ̀, mo ń dúró de ohun tí wọ́n bá fẹ́ ṣe fún mi. Bí wọ́n bá gbá mi létí, mo ti gbà. Bí wọ́n bá ké sí àwọn èrò, mo ti gbà.

Wọn kò fọwọ́ kàn mí.

"Ṣé ó sọ nǹkan kan?"

Ẹnikẹ́ni kò bi mí ní ìyẹn rí.

"Ó sọ̀rọ̀, Màmá."

"Kí ló wí?"

"Ó ní, 'Àbẹ̀ní, dúró, bàtà mi ti bọ́.'"

"Bàtà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Bàtà yẹn tóbi jù fún un. Mo wí fún un títí." Ohùn wọn já. Wọ́n di etí híjáàbù mi mú, wọ́n rọra fà á kí n lè gbójú sókè. Ojú wọn kò sọ pé wọ́n ti dárí jì mí, n kò sì ní parọ́ fún ẹnikẹ́ni pé ó sọ bẹ́ẹ̀. "Tún un sọ. Má sọ ọ́ bíi tìrẹ. Sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́."

Sìdíkà kì í pariwo. Bí ẹ̀rù tilẹ̀ ń bà á, ohùn rẹ̀ á kàn ga díẹ̀ níparí ọ̀rọ̀, bí ẹni tó ń tọrọ gáfárà. Mo gbìyànjú, kò jọ ohùn rẹ̀. Mo tún gbìyànjú. Mo sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́.

Ìyá Sìdíkà di ojú. "Òun nìyẹn," wọ́n ní. "Òun nìyẹn."